Fàdákà Inú Ife

Orí ilé-ìṣọ́ ni Mzekala wà lọ́jọ́ tí Batira kọ́kọ́ rí i. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó ń fi òkúta pẹlẹbẹ dí ibi tí òjò ti ń wọlé, atẹ́gùn sì ti já ìborí kúrò lórí rẹ̀, irun rẹ̀ ń fẹ́ kiri. Batira kó àlejò méje wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí wọ́n wá wo odi Kirighala, ìlú wa lórí òkè. Àwọn àlejò náà ló yẹ kó máa ṣọ́. Òkè ló ń wò, ó sì fi iwájú orí gbá àtẹ́rígbà gbàù.

"Ilẹ̀kùn yẹn kì í kí èèyàn o, èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ kí i!" Mzekala ké látòkè. "Àwọn ọ̀tá tó wá jà wá níjọ́un, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ wọlé báyìí ni wọ́n ń bẹ́ wọn lórí."

"Ẹ wá bẹ́ tèmi náà. Ó ti wà nílẹ̀."

"Orí awakọ̀? Kí la fẹ́ fi ṣe?"

Síbẹ̀ ó sọ̀ kalẹ̀, ó bu bọ́tà, ó sì fi ra ibi tó wú. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò òkúta. Batira dúró bí ọmọdé tí wọ́n ń wẹ̀ fún. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ilé wa ló kángun sí tiwọn, ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá fi ọ̀pá lé e padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tí ojú mi kò tó, Mzekala fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Batira ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀rùn yẹn. Mzekala ló máa ń mú àwọn àlejò wọ inú odi. "Màlúù ń gbé ìsàlẹ̀," ni yóò wí, "èèyàn ń gbé àárín, ìbọn ń gbé òkè. Ihò yìí ni wọ́n ti ń da omi gbígbóná sí ọ̀tá lórí." Batira ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, síbẹ̀ yóò tẹ̀lé wọn wọlé.

"O ò tíì mọ ìtàn yìí sórí ni?" Mzekala bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ni kò tíì sú mi."

"Ahọ́n rẹ ń ṣiṣẹ́ ju ọkọ̀ rẹ lọ. Ọkọ̀ tó ń wúkọ́ bí arúgbó!"

Ọmọ wa ni Batira, ká má parọ́. Àfonífojì kejì ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, kí ìjọba tó fi tipátipá kó wọn lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ nínú yìnyín. Inú oko bàrà ni wọ́n bí Batira sí. Ó mọ orin wa, ó sì mọ bí a ṣe ń jẹ khinkali, ìyẹ̀fun tí a fi wé ẹran, tí omi ẹran inú rẹ̀ kò fi ní dà síni láyà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu àgbà nídìí ààrò, kò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan wọ́n jókòó sórí odi, ẹsẹ̀ wọn ń mì lókè odò.

"Bí ẹ bá ti wu ànàmọ́ tán," Batira wí, "màá mú àbúrò bàbá mi wá síbí."

"Kí ló fẹ́ wá ṣe?"

"Ó fẹ́ wá wo odi."

"Odi wo nínú wọn?"

"Èyí tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kò sí ọmọ ogun tó rí i wọ̀."

Mzekala fi ìborí bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó ṣí i, omi ti wà lójú rẹ̀. "Kó tètè máa bọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kí Uturga gbọ́."

Uturga ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, òun ló sì di bàbá fún un látìgbà tí bàbá wọn ti kú. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ náà kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Àgbà ìdílé ọkọ ló ń gbé e wá. Ìtìjú ni wọ́n pè é. Ìtìjú yìí náà ló ba tiwọn jẹ́.

Ní oṣù kẹjọ, ògiri ilé-ìṣọ́ etí odò wó lu Uturga níbi tó ti ń tún un ṣe. Batira wà nítòsí pẹ̀lú àwọn àlejò. Ó fi ọwọ́ lásán hú òkúta títí èékánná rẹ̀ mẹ́ta fi ṣí. Ó tẹ́ Uturga sórí ìjókòó ọkọ̀, ó sì wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà tí ewúrẹ́ gan-an ń bẹ̀rù. Dókítà ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú ni wọn ìbá gbé dé.

Lọ́jọ́ tí Uturga padà sílé pẹ̀lú báńdéèjì láyà, Mzekala wà lókè níbi tí a ti ń gé koríko màlúù. Uturga fa Batira wọlé. Ó mú owó fàdákà àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha á lẹ́ẹ̀mẹta sínú ife ọtí, ó mu ìdajì, ó sì na ìyókù sí Batira.

Ọmọ kékeré tiwa mọ ohun tí ife yẹn ń ṣe. Ẹni méjì tó bá mu ún ti di ọmọ ìyá kan títí ikú. Kò sì sí ìtúká rẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di eré níbi àsè, Batira sì ti rí i níbi ìgbéyàwó tó ju ọ̀kan lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́ràn mi. Ọ̀nà ti là." Ó mu ún dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Kò sí ẹni ibi nínú wọn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú títí dòní.

Mzekala wọlé, koríko wà nínú irun rẹ̀.

"Wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ!" Uturga pariwo. "Láti òní lọ, ẹ̀gbọ́n méjì lo ní!"

Ó wo ọ̀bẹ. Ó wo owó tí wọ́n ti ha létí. "Fàdákà ni?"

"Kí ni ìbá tún jẹ́?"

Ó kí wọn kú oríire, ó sì jáde. Ẹ̀yìn ilé màlúù ni Batira ti bá a tó káwọ́ lórí.

"Kí ló dé, olólùfẹ́ mi?"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Kí ni mo ṣe? Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ràn mi báyìí!"

"Ẹni tó bá bá Uturga mu fàdákà, ọmọ ìyá mi ni. Ta ló ń fẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, Batira?"

Batira mi orí. "Ọtí lásán ni. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀..."

"Ṣé pẹ̀tẹ́lẹ̀ la wà yìí?"

"Jẹ́ ká lọ síbẹ̀ nígbà náà. Nísinsìnyí. Ọkọ̀ wà níta."

Mzekala wo ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wù ú láti lọ, kò fi pa mọ́ fún mi. "Kí Uturga wá jẹ́ kí ni?" ó wí. "Ọkùnrin tí ọmọ ìyá rẹ̀ gbé àbúrò rẹ̀ sá lọ? Kò sẹ́ni tí yóò bá a mu omi mọ́. Ọmọ tó wà nínú ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọn yóò máa pè é?"

Batira fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Uturga pé òun àti Mzekala ti ń fẹ́ra. Ó retí pé yóò yọ ọ̀bẹ sí òun. Ńṣe ni Uturga jókòó sílẹ̀.

"Òmùgọ̀ ni yín," ó wí. "Òmùgọ̀ lèmi náà. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré ni ì bá gbà wá!" Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló rí fàdákà náà? Àwa mẹ́ta péré. Màá ní idẹ ni mo ha. Idẹ kì í so èèyàn pọ̀."

"Wọn yóò ní kí o búra."

"Màá búra. Ta ló hú òkúta kúrò lórí mi? Dákẹ́ ẹnu rẹ."

Ìròyìn pé wọ́n ti mulẹ̀ ti kárí Kirighala. Nígbà tí àbúrò bàbá Batira wá tọrọ ọmọ nígbà ìkórè pẹ̀lú àgùntàn àti fìlà tuntun, Uturga ní idẹ lòun ha sínú ife. Bàbá Gagi, àgbà ojúbọ wa, ní ọjọ́ ọdún ojúbọ ni Uturga yóò sọ òtítọ́, pẹ̀lú ọwọ́ lórí àsíá ojúbọ. Gbogbo wa mọ àsíá náà. Ẹni tó bá fi búra èké, ọmọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mú lọ.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn ọkùnrin wà lókè nídìí ọtí ọkà, àwa obìnrin wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ìlà òkúta tí obìnrin kì í kọjá. Ẹ̀gbẹ́ Mzekala ni mo dúró sí. Ìyàwó Uturga jókòó sórí koríko níwájú wa, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ.

"Uturga," Bàbá Gagi wí, "kí lo ha sínú ife yẹn?"

Uturga di àsíá mú. "Bàbá, mo fi àsíá yìí..."

"Fàdákà ni!"

Obìnrin kan kò gbóhùn sókè níbẹ̀ rí. Gbogbo orí yí padà.

"Fàdákà bàbá wa ni," Mzekala wí. "Mo fojú ara mi rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àsíá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Gbogbo ojú wá wà lára Batira. Àbúrò bàbá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Sọ̀rọ̀! Sọ pé irọ́ ló ń pa!"

Batira wo Uturga, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó nísàlẹ̀. "Fàdákà ni," ó wí.

Uturga bú sẹ́kún níwájú gbogbo ọkùnrin ìlú. Batira sọ̀ kalẹ̀ wá, ó dúró níwájú Mzekala. Àwa yòókù ń wo ilẹ̀.

"Àbúrò mi," ó wí, "mo fẹ́ máa lọ kí yìnyín tó dí ọ̀nà."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Mzekala dáhùn, "ẹ rọra wakọ̀ o."

Ọdún mẹ́fà rèé. Ọmọ Uturga ti ń sáré lórí odi. Ọkùnrin tó bá fẹ́ Mzekala gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, bí àṣà wa ṣe rí. Mẹ́ta ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ bá Batira. Ó gbà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì gbàdúrà fún wọn. Mzekala kò gbà fún ẹnì kankan nínú wọn.