Orúkọ Mùnírù Lára Ògiri

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 1981 ni Mùnírù gbé àwòrán mẹ́ta wá sí gálárì yunifásítì ní Zaria. Ó fi ìwé ìròyìn wé wọn, ó sì fi okùn dì wọ́n bí ẹni di ẹrù ọjà.

Olúfúnlọ́lá ló bá níbẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣètò àfihàn àwòrán. Ó dúró lórí àga, ó ń kan ìṣó mọ́ ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ń gba àwòrán?"

"Èmi ni. Tú u kí n rí i."

Nígbà tí Mùnírù tú wọn, Olúfúnlọ́lá gbàgbé òòlù lọ́wọ́. Ọwọ́ àgbàlagbà ọkùnrin ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Abẹ́rẹ́ wà láàárín ìka rẹ̀, bàbáńrìgá funfun wà lórí itan rẹ̀, ó ń ṣe ọnà sí i lọ́rùn. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Kí lorúkọ ẹ?" Ó mú bírò.

"Má kọ orúkọ. Kọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló yà á."

"Kí ló dé? Ṣé o jí wọn ni?"

Mùnírù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara ń ni ín. "Bàbá mi rò pé lọ́ọ̀ ni mò ń kà. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti kúrò níbẹ̀. Gbogbo oníbàárà ló ń sọ fún pé ọmọ òun á di lọ́yà. Bó bá gbọ́ pé àwòrán ni mò ń yà, wàláì, ọ̀rọ̀ mi tán nílé."

"Níbo nilé?"

"Kano. Sabon Gari, ní France Road."

Olúfúnlọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Àdúgbò Noman's Land ní Kano ni ilé tiwọn, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn dé France Road láti ibẹ̀. Eruku kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń gbọ̀n kúrò lẹ́sẹ̀ láti kékeré, wọn ò sì mọ ara wọn.

Ó ṣèlérí fún un pé M.R. nìkan, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, lòun máa kọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Mùnírù a máa wá bá a gbé àga, a máa bá a wọn ògiri. Wọ́n a ra kosai, àkàrà àwọn Haúsá, lẹ́nu géètì, wọ́n a jẹ ẹ́ lórí àtẹ̀gùn gálárì. Kano ni wọ́n bí Mùnírù sí, nítorí náà, bí ojú bá ti ń tì í, inú Haúsá ló ń sá sí.

"Ina sonki," ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Mo fẹ́ràn rẹ, Lọ́lá."

Inú Olúfúnlọ́lá dùn débi pé kò lè jẹ kosai tó kù mọ́.

Ìfẹ́ yẹn gan-an ló kó bá wọn. Nígbà tó ń táìpù orúkọ àwọn ayàwòrán, ó wo ọwọ́ bàbá yẹn lára ògiri, ó ní kò dáa kí irú iṣẹ́ báyìí má ní orúkọ ẹni tó ṣe é. Ló bá táìpù rẹ̀ gbàgàdà: Mùnírù Rájí, Sabon Gari, Kano. Ó lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri, ó sì kó ìyókù sórí tábìlì fún àwọn àlejò.

Oníṣòwò aṣọ kan láti ọjà Kantin Kwari ní Kano wá wo àfihàn náà nítorí ọmọ tirẹ̀. Ó mú ẹ̀dà kan nínú ìwé orúkọ náà lọ sílé, ó sì lọ bá Àlájì Rájí, bàbá Mùnírù, yọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, iṣẹ́ dé bá Mùnírù: kó má wálé.

Ó wá bá Olúfúnlọ́lá ní gálárì. Kò pariwo. "Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ọ́."

"Mo rò pé mò ń gbé ẹ ga ni."

"Orúkọ mi ni, Lọ́lá. Kì í ṣe tìẹ."

Ó jáde lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò bá a sọ̀rọ̀.

Olúfúnlọ́lá sunkún títí, ó wá rí i pé ẹkún ò tún nǹkan ṣe. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, ó wọ mọ́tò lọ sí Kano, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlájì, níbi tó ti ń ṣe ọnà sára aṣọ.

"Sannu da aiki, Bàbá." Ó fi Haúsá kí i kú iṣẹ́.

"Yauwa, sannu. Ta lò ń wá?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Èmi ni mo kọ orúkọ Mùnírù sára ògiri. Ó bẹ̀ mí kí n má kọ ọ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Àlájì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ìwọ kọ́ lo purọ́ fún mi látọdún tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló tiẹ̀ yà?"

Ó tú àwòrán náà. Àlájì gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ọwọ́ mi nìyí," ó wí. "Ojú mi ńkọ́?"

"Ó ní ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n ya ojú èèyàn, sà."

Àlájì mí kanlẹ̀. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì láti ààwẹ̀ tó kọjá. Mi ò sọ fẹ́nì kan. Abẹ́rẹ́ ò le, ọwọ́ ti mọ̀nà. Ìlà ọnà tí a máa ń kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù fà sórí aṣọ ni mi ò rí fà mọ́." Ó dá àwòrán náà padà fún un. "Sọ fún un kó máa bọ̀. Kó mú pẹ́ńsùlù ẹ̀ dání."

Nígbà tó jíṣẹ́ náà, ẹnu ya Mùnírù. "O lọ bá bàbá mi? Kò lé ẹ?"

"Ó fún mi ní fùrá mu."

Mùnírù jókòó. "Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́, olólùfẹ́."

"Mi ò jẹ́ ṣe é mọ́. Dárí jì mí."

Ó fà á mọ́ra.

Ìyá Olúfúnlọ́lá, Ìyábọ̀dé, ló wá kù tí kò tíì gbà kí wọ́n fẹ́ra. Òun ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ Àládùúrà wọn. "Mùsùlùmí? Kí ni kí n wí fún ìjọ?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ nìyẹn. Fún ọdún kan gbáko, bí Mùnírù bá wá kí i, á fún un lómi mu, á wọlé lọ.

Nígbà tí àwọn méjèèjì parí ẹ̀kọ́, Àlájì kó àgbà méjì sẹ́yìn, ó lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyábọ̀dé fi wọ́n sórí ìdúró níta.

"Àlájì, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ẹ ó jẹ́ kọ́mọ mi máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ìyá Ìjọ," Àlájì dáhùn, "ó di ogún ọdún tí mo ti ń gbé Sabon Gari. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ń jí mi kírun àsùbáà. Bí mo bá ní kó má lọ, ta ni yóò máa lù ú?"

Ìyábọ̀dé fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́," ó wí. "A kì í dúró nínú oòrùn mú ọjọ́ ìgbéyàwó."