Ìbọn Tí Wọ́n Ti Pa

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe ọtí ló sọ ọ́. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham ní London. Ẹni tí kò bá gbà lè lọ wo ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì. Kó ṣáà má kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Sàká ló ń gbé ibẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàrákàt ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nusaybah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni, Surrey Quays ló ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, a gbé ọbẹ̀ wá fún bàbá rẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Jímọ̀ yẹn ni Sàká fi ń fara da àwọn ọjọ́ yòókù.

Ká má parọ́, ìfura Sàká pọ̀. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, àmọ́ oògùn ti bàbá yìí ti ju àrùn lọ. Ó ń fura sí mítà iná. Ó ń fura sí Mobọ́lájí, ọmọkùnrin tó ń gbé lókè rẹ̀, pé ó ń dọ̀bálẹ̀ fetí sí ohun tí òun ń ṣe nísàlẹ̀. Òjò pàápàá, Sàká gbà pé ó mọ ọjọ́ tí òun bá sá aṣọ.

Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, iná lọ ní gbogbo estate, kò sì tètè dé. Sàká fojú ara rẹ̀ rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń jà nítorí omi inú ike nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ra gààrí, ó ra omi, ó ra tọ́ọ̀ṣì àti rédíò alábátìrì, ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ó wá jókòó, ó ro ó. Lọ́jọ́ tí ayé bá bàjẹ́, ta ni yóò ṣọ́ gààrí?

"Ìbọn ni mo fẹ́ rà," ló sọ fún Nusaybah lórí fóònù.

"Ìbọn bí ti báwo, Daddy? This is London now."

"Bí nǹkan bá dàrú, London náà á dàrú."

"Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Please. Mi ò like bí ẹ ṣe dá wà yẹn."

Sàká ní òun gbọ́. Gbígbọ́ náà ló gbọ́, kò gbà.

Ibi tí wọ́n júwe fún un wà lẹ́bàá Old Kent Road, láàárín ṣọ́ọ̀ṣì kan tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Wándé ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu funfun. Ẹrù tí àwọn ológun kò lò mọ́ ló ń tà: bàtà, kóòtù, àgọ́, àti ìbọn àtijọ́. Níta ló ti dọ̀bálẹ̀ kí Sàká. Nígbà tí wọ́n wọlé, tí Sàká la ẹnu láti kí i kú ọjà, Wándé fi ìka lé ètè.

"Níta la ti kíra, Daddy. Ó ti tó."

Sàká fura sí i lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni kì í fẹ́ kí wọ́n kí òun nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀?

Ìbọn mẹ́ta ló tẹ́ sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ dúdú, ó fúyẹ́, àmọ́ ike ni ìdí rẹ̀. Sàká fi èékánná kàn án, ó ní ike máa ń sán nínú òtútù. Èkejì kúrú, irin tí wọ́n ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti le gan-an. Ẹ̀kẹta ni ìbọn ogun àtijọ́, gígùn, onígi pupa. Ó wúwo. Igi ìdí rẹ̀ ń dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ti máa ń sùn lé e. Sàká fà á, ó rọ̀. Ó gbé e lé èjìká, ó bá a mu. Igi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Deactivated ni gbogbo wọn o, Daddy," ni Wándé sọ wẹ́rẹ́. "Certificate wà. Kò lè dún mọ́ láé."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá kí n gbọ́."

Wándé kọ́kọ́ wo ìbọn náà. "Wọ́n ti pa á."

"Kò burú. Olè kò ní mọ̀. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun?"

"Ẹ má gbé e jáde ṣá, torí àwọn police." Ó ń wé ìbọn náà sínú aṣọ. "Daddy, ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé ilé?"

"Kí ló dé tí o fi ń béèrè?"

Wándé la ẹnu, ó tún pa á dé. Ojú tí Sàká fi wò ó kì í ṣe ojú tí èèyàn lè sọ nǹkan sí.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ni Sàká gbé e tì. Ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ara ògiri, nítorí pé a kì í kọ ẹnu ìbọn sí ẹni, ìbáà ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń ti mọ́sálásí bọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Oòrùn ìgbà òtútù kì í dágbére ní London. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó bọ́ bàtà.

"Ẹ kú ilé o."

Ilé òfìfo ló ń kí. Ìgbà ayé Bàrákàt ló ti ń kí i bẹ́ẹ̀, Bàrákàt a sì dáhùn láti ìdáná. Nígbà tí ìyẹn lọ, ẹnu rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

"Káàbọ̀."

Sàká dúró. Bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀. Fíríìjì tó ń kùn ní ìdáná dákẹ́. Pálọ̀ ń rùn òróró irin, irú tí wọ́n fi ń nu ìbọn. Ohùn náà kò pariwo. Ohùn ọkùnrin ni, ó sì há, bí ohùn ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀.

Ó tan iná. Kò sí ẹnì kankan. Ìbọn náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò kọ ògiri mọ́. Ọ̀nà ni ó kọjú sí.

Rédíò ni Sàká kọ́kọ́ mú, ó yọ bátìrì rẹ̀. Ó gun òkè lọ kan ilẹ̀kùn Mobọ́lájí. Mobọ́lájí kò sí nílé. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó pe Nusaybah.

"Kí lo gbé pamọ́ sínú ilé mi?"

"Daddy? What d'you mean?"

"O fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí, kí n lè wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. Mo ti mọ̀."

"Mi ò gbé anything síbẹ̀ o. I swear. Wallahi, Daddy."

"Má wá ní Jímọ̀."

Sàká gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà pa fóònù.

Ó ti dùbúlẹ̀ kí ó tó yé e. "Káàbọ̀" ni ohùn yẹn sọ, kò fi "ẹ" sí i. Mobọ́lájí kò tó bẹ́ẹ̀. Nusaybah, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ dàrú, kò ní sọ fún bàbá rẹ̀ pé "káàbọ̀" lásán. Ní gbogbo Peckham, kò sí ẹni tó lè kí Sàká bí ẹní kí ọmọdé. Ohunkóhun tó wà nínú pálọ̀ yẹn, ó gbà pé òun ju Sàká lọ lọ́jọ́ orí.

Ó ti fi ẹ̀sùn èké kan ọmọ rẹ̀. Ó dùn ún, àmọ́ ìgbéraga kò jẹ́ kó pè é. Láti ọjọ́ náà, ó ń wọ ilé ara rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó wá jalè.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó bọ́ sí Old Kent Road láìgbé ìbọn náà dání. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wándé rí i lókèèrè, ó jáde wá pàdé rẹ̀ níta.

"Wá gbé e. N kò fẹ́ mọ́."

"Daddy, ṣé ẹ kí ilé ni?"

Sàká mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ṣó pè yín lórúkọ?"

"Rárá."

Wándé mí kanlẹ̀. "A dúpẹ́. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wọlé kí i. Tó bá dìgbà kejì..." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, sínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn. Ó fa páànù ilẹ̀kùn náà wálẹ̀, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Jímọ̀ ni. Òótọ́ ni pé Sàká ní kí Nusaybah má wá, àmọ́ ta ni kò mọ ọmọ rẹ̀? Nusaybah yóò wá bẹ̀ ẹ́. Yóò gbé ọbẹ̀ dání. Bí ó bá sì ti ṣílẹ̀kùn, ohun tó máa ń pariwo láti kékeré ni yóò pariwo: "Ẹ kú ilé, Daddy!"

Ó pè é. Fóònù dún títí ó fi gé. Ó tún pè. Bọ́ọ̀sì tó wọ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Sàká tó ti wa bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún jókòó síbẹ̀, ó ń gbàdúrà kí awakọ̀ má dúró fún iná pupa.

Nígbà tó délé, ilẹ̀ ti ṣú. Bàtà Nusaybah wà níta, lẹ́nu ọ̀nà. Iná pálọ̀ wà ní títàn. Òórùn ọbẹ̀ ẹja ń jáde, òróró irin sì wà nínú òórùn náà. Kò gbọ́ ìró kankan.

"Nusaybah?"

Ó kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá rẹ ni. Má bínú sí mi. Jáde wá."

Ẹsẹ̀ lásán rìn wá láti inú pálọ̀, jẹ́jẹ́. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Káàbọ̀, Sàká."

Ohùn ọmọ rẹ̀ ni. Àmọ́ London ni wọ́n bí Nusaybah sí. Láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, kò pe "káàbọ̀" kó gún régé rí. Ńṣe ló máa ń fà á bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, Bàrákàt a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Ohùn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí pè é geere, bí ará oko, bí àgbà.

Bàbá tó bí Sàká ni ó pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì sin ín sí. Ọwọ́ Sàká na kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn, kò débẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Àyà rẹ̀ ti kan sìmẹ́ǹtì tútù. Kí ó tó mọ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé ara rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọmọ rẹ̀.

Lókè orí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti inú.