Àwọn Tó Ń Kùn Nínú Àjà

Ikú tó pa Káfíńtà, kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń wọlé. Ọ̀sán gangan ni. Ọkùnrin tó lè fi èjìká kan gbé ilẹ̀kùn mẹ́ta, tó bá sín tí gbogbo adìẹ àdúgbò á fò sókè, ló gun àkàbà lọ yọjú sínú àjà ilé baba rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa rí i, ó ti wà nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbalaja. Ẹ̀jẹ̀ ò kán, egungun ò ṣẹ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló wú, ó wú débi pé imú ò rí ibi dúró sí mọ́, tí ìyàwó rẹ̀ gan-an fi kọ́kọ́ bèèrè pé ta lẹ gbé wá síbí yìí.

Wọ́n ní àìsàn ni. Àìsàn wo? Ẹni tó jẹun àárọ̀ tán tó tún ń lá àwo. Wọ́n ní ó jábọ́ ni. Ta ló ń jábọ́ látorí àkàbà tí ojú rẹ̀ wá ń wú bíi búrẹ́dì? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á. Àwọn tí ò tiẹ̀ dé ilé náà rí pàápàá ti mọ̀.

Télọ̀ ni.

Télọ̀ ni àkọ́bí ilé náà. Káfíńtà ló tẹ̀lé e, Bíríkìlà sì ni àbíkẹ́yìn. Ọkọ Télọ̀ ti kú, kò bímọ, ó sì ti padà sílé baba wọn láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ. Kì í rẹ́rìn-ín lásán, kì í kí ẹni tí ò bá kí i, tó bá sì wo èèyàn, àfi bíi pé ó ń wọn onítọ̀hún fún sòkòtò tó máa fún un nídìí. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, òun náà ni.

Nǹkan méjì ni wọ́n dì mọ́ ọn lọ́rùn. Àkọ́kọ́ ni àwọn agbọ́n. Ó ti tó oṣù méjì tí agbọ́n ti ń yí ilé náà ká, kì í sì í ṣe agbọ́n tẹ́ ẹ mọ̀ o. Èyí dúdú bí ìdí ìkòkò, ó gùn tó ìka àárín. Tó bá ń bọ̀ lókèèrè, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń gun alùpùpù bọ̀ nínú yàrá. Ó ta Bíríkìlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ta ìyàwó Káfíńtà létè, odindi ọjọ́ méjì ni ètè yẹn fi ń ṣíwájú olówó rẹ̀ wọlé. Ó ta ọmọ rẹ̀ lójú, ojú ọ̀hún ò sì tíì là dáadáa. Àmọ́ kò ta Télọ̀ rí, kò tiẹ̀ ṣèèṣì bà lé e.

Èkejì ni ariwo. Àjà tó bo yàrá Télọ̀ máa ń kùn. Hùùn, hùùn, pàápàá tí oòrùn bá ń wọ̀, bí ogún obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Bíríkìlà ní ìpàdé ni. Ó ní ayé ti lajú, àjẹ́ ò fi ẹyẹ ṣiṣẹ́ mọ́. "Ẹyẹ, wọ́n lè sọ ọ́ lókò. Ta ló máa sọ agbọ́n lókò?"

Bíríkìlà yìí, tó bá ti rí ihò, ara rẹ̀ ò lè balẹ̀. Ó ti dí ihò eku mọ́ eku nínú. Ó ti dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ ilé ìgbẹ́, oṣù kan gbáko ni gbogbo ilé fi ń di imú wọlé. Nígbà tó wá rí ihò kan lábẹ́ òrùlé, níta, lókè fèrèsé Télọ̀, tí agbọ́n ń gba ibẹ̀ wọlé, ó po sìmẹ́ńtì, ó dí i, ó sì fi irin tó fi ń rẹ́ ògiri dán an títí èèyàn fi lè wo ojú nínú rẹ̀. Ó ń fọ́nnu káàkiri pé òun ti ti gbọ̀ngàn ìpàdé wọn pa. Ọjọ́ kejì ni Káfíńtà kú. Gbogbo ayé mi orí. Àwọn àjẹ́ ti gbẹ̀san nìyẹn.

Ọjọ́ keje tí wọ́n sin ín, Bíríkìlà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Télọ̀, ìyàwó Káfíńtà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àtìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, "ẹ̀yin" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ náà, ó gbé e jù sílẹ̀.

"Ìwọ, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti ń pariwo jù."

Télọ̀ ò gbójú sókè nídìí maṣíìnì. "Ìwọ wo?"

"Ìwọ tó wà níbẹ̀ yẹn."

"Ọmọ tí mo nu ìdí fún ló ń pè mí ní ìwọ. Ó dáa. Kí làwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ?"

"Ìwọ ló yẹ ká bi. Ṣé wọ́n ti pín èmi náà ni? Ṣé èmi ló kàn?"

"Ìwọ kẹ̀? Egungun lásán. Ta ló máa jẹ ẹ́ tí ò ní há a lọ́fun?"

Ìyàwó Káfíńtà bú sẹ́kún. "Ẹ ò rí i? Ó mọ bí èèyàn ṣe ń háni lọ́fun."

"Ìyàwó, lọ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú ọmọ ẹ," Télọ̀ wí. "Kó o sì lọ wo àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọkọ ẹ yọjú sí. Nǹkan ń wọlé níbẹ̀, nǹkan ń jáde."

Ìyàwó tutọ́ sílẹ̀. "Kémi náà lè tẹ̀lé e lọ, àbí?"

Bíríkìlà na ìka sí Télọ̀. "Ọjọ́ Ẹtì, Aríran ń bọ̀. Tó bá ti nawọ́ sí ẹ, aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ nìkan lo máa gbé jáde nílé yìí. Maṣíìnì yẹn, a máa dáná sun ún."

Ọ̀rọ̀ maṣíìnì yẹn ló wọ Télọ̀ lára. Yàrá, ó lè tọrọ òmíràn. Maṣíìnì yẹn lọwọ́ rẹ̀, òun lẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà lọkọ tó kù fún un láyé. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé kan, ṣé ẹnu ló máa fi ránṣọ jẹun?

Ọjọ́ kejì, ó ń lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò, èyí tó máa ń rú èéfín bí ilé tó ń jó. Èéfín gòkè, ó gba àlàfo pákó wọ àjà lọ, ariwo ìpàdé sì ṣí kúrò lókè orí rẹ̀, ó lọ sí apá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Télọ̀ dáwọ́ dúró. Ó gbé áyọ́ọ̀nù síta, ariwo padà. Ó gbé e wọlé, ariwo lọ. Ìgbà mẹ́ta ló dán an wò. Àjẹ́ wo ló ń sá fún áyọ́ọ̀nù?

Ó wá jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà tó wà láàárín àgbàlá. Agbọ́n kan bà lé pákó kan níbẹ̀, ó ń fẹnu họ ọ́ bí onígbàjámọ̀. Ó ṣù ú roboto, ó gbé e, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Òmíràn tún dé. Àárín òórùn fáníìṣì ni gbogbo ilé yẹn ń gbé, ó wà lára aṣọ wọn, ó wà nínú irun wọn, ó sì ń bí àwọn agbọ́n yẹn nínú. Òun nìkan ló ń rùn bí èédú láti àárọ̀ dalẹ́.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní àjẹ́, tó bá sọ òótọ́, wọ́n á ní ẹgbẹ́ ló rán an. Ó na tapólì, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, sílẹ̀, ó gé e, ó sì ki maṣíìnì mọ́lẹ̀. Ẹnì kan yọjú lójú fèrèsé, ó sì lọ ròyìn fún aráyé pé ó ń rán aṣọ ẹgbẹ́, pé aṣọ náà ò ní ojú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Aríran dé. Awò dúdú ló wọ̀. Wọ́n ní tó bá bọ́ ọ, ojú rẹ̀ á máa la ògiri kọjá. Lọ́fínńdà tó dà sára ti ṣíwájú rẹ̀ wọ àdúgbò láti àná. Èèyàn tó wà ní àgbàlá yẹn ò dín ní ẹgbẹ̀rún méjì, bẹ́ẹ̀ àgbàlá náà ò gba ogójì. Bíríkìlà dúró ti Télọ̀ gbọn-in, ó ń fi àgbọ̀n júwe rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Aríran na ọwọ́. "Òun nìyẹn."

Kó tó pa ẹnu dé, Bíríkìlà ti gbé maṣíìnì jáde léjìká.

"Gbé e sílẹ̀ ná," Télọ̀ wí. "O ní ẹgbẹ́ mi wà nínú àjà. Òòlù nìyẹn. Gun orí tábìlì mi, fọ́ àjà náà, kí gbogbo ayé rí wọn. Tó o bá bá ẹyọ obìnrin kan níbẹ̀, tàbí ẹyẹ kan, èmi fúnra mi ni màá ṣáná sí maṣíìnì."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i," Aríran wí kíákíá.

"Ẹ̀yin tójú yín ń la ògiri kọjá, kí lẹ rí lókè yẹn?"

"Obìnrin mẹ́tàdínlógún."

"Wọ́n jókòó àbí wọ́n dúró?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Aríran tún awò rẹ̀ ṣe. Bíríkìlà sọ maṣíìnì kalẹ̀, àmọ́ kò súnmọ́ òòlù.

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Èmi kẹ̀?"

"Mú òòlù yẹn wá fún mi."

Ó wọ yàrá lọ, ó wọ aṣọ tapólì rẹ̀, ó fa àwọ̀n tó rán mọ́ ọn bo ojú. Ó da èédú áyọ́ọ̀nù sínú garawa, ó ju àkísà tútù lé e, èéfín sì gba yàrá. Ó gorí tábìlì, ó fi òòlù lu pákó àjà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, àjà ya.

Ohun tó jáde, ẹ má bi mí ní iye rẹ̀. Oòrùn ṣú. Àwọn kan gba ẹnu ọ̀nà, àwọn kan gba fèrèsé, ọkùnrin kan gba àárín ògiri kọjá, ìrísí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní pẹ̀lú fìlà. Àwọn agbọ́n fẹ́ràn lọ́fínńdà Aríran ju gbogbo nǹkan lọ. Kòtò ìdọ̀tí ló bẹ́ sí, awò rẹ̀ sì jábọ́. Ojú tó ń la ògiri kọjá ò wá rí ọ̀nà àbájáde nínú kòtò.

Ó tó wákàtí kan kí ariwo tó rọlẹ̀. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn wú. Télọ̀ pe Bíríkìlà àti ìyàwó Káfíńtà wọlé. Ilé agbọ́n tó tóbi tó ọpọ́n ìwẹ̀ ló wà nílẹ̀ yàrá, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ó gbé òòlù sókè, ó fi kan inú igun òrùlé. Òkú agbọ́n kún ibẹ̀ bámúbámú, wọ́n ti fi orí gbá nǹkan títí wọ́n fi kú.

"Kí ni wọ́n ń fi orí gbá yìí?"

"Sìmẹ́ńtì," Bíríkìlà wí.

"Sìmẹ́ńtì ta ni?"

Bíríkìlà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo dí i?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ wo lẹ̀gbọ́n ẹ kú?"

Ìyàwó Káfíńtà ló fèsì, ohùn rẹ̀ ò ju ti èfọn lọ. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ìta ni wọ́n ń gbà lọ, ìta ni wọ́n ń gbà bọ̀. O tilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n wá jẹ pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ lu. Àbúrò mi gbọ́ ariwo, ó gbé orí tó ń rùn fáníìṣì lọ yọjú sí wọn."

Ẹnì kan wá sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Bíríkìlà ló pa á."

Aríran ti jáde nínú kòtò, ojú kan ti dí. "Mo sọ fún yín pé ará ilé ni. Ọwọ́ mi ló yẹ̀ díẹ̀. Oṣó ni."

"Oṣó ni." Ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu kan bọ́ sí ìkejì. Ẹnì kan ti ń bèèrè ibi tí irinṣẹ́ Bíríkìlà wà kí wọ́n kó o síta, ẹnì kan ti lọ wá kẹrosíìnì. Ìyàwó Káfíńtà ti mú òòlù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Bíríkìlà wí. "Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa gbọ́."

Télọ̀ ṣí àwọ̀n kúrò lójú. Ó wò ó látòkè délẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n pariwo díẹ̀ sí i, ó jẹ́ kí ọwọ́ kan tiẹ̀ bà á ní kọ́là.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. "Èyí? Oṣó? Oṣó ní làákàyè. Òmùgọ̀ ni."

Ẹ̀rín bú, kẹrosíìnì padà sílé, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká pẹ̀lú ìbànújẹ́ àwọn tí wọ́n fi ìran dù. Bíríkìlà lọ síta, ó bẹ̀rẹ̀ láti bá a gbé maṣíìnì wọlé.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀," Télọ̀ wí. Ó dá gbé e.

Ìyàwó Káfíńtà ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Mo ti ń bínú, Ìyàwó. Tó bá tán, màá ránṣẹ́ pè ẹ́."

Ó ti ilẹ̀kùn.