Eku Tó Gba Labeebah Lọ

Ọdún 2004 ni, Labeebah ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan ní Ketu. Ọkùnrin kan jáde láti ọ̀dọ̀ dókítà, ó há báàgì ìyá rẹ̀ mọ́ abíyá, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Sherifdeen ni orúkọ rẹ̀, àlùbọ́sà ló ń tà ní Mile 12. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti wọ ọmú ìyá rẹ̀, Alhaja Sìlífátù.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ọmú tí gbogbo wa mu dàgbà, kí ló dé tó fi fẹ́ pa wọ́n?"

Labeebah na ìnujú sí i. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà, Sherifdeen kì í lọ sọ́jà láì kọ́kọ́ yà kí i.

Wọ́n gé ọmú náà, ara Alhaja sì yá. Wọ́n ti ń mú ọjọ́ ìgbéyàwó nikaa nígbà tí yunifásítì kan ní Ìlú Òyìnbó pe Labeebah.

"Kí lo fẹ́ lọ kọ́, ìfẹ́ mi?"

"Ọmú eku."

Sherifdeen bú sẹ́rìn-ín.

"Má rẹ́rìn-ín, olólùfẹ́ mi. Àwọn èròjà kan wà lára tó ń sọ fún ọmú pé kó dàgbà, òmíràn ń sọ fún un pé ó tó. Wọ́n ti yí àbùdá àwọn eku yẹn padà, èyí tó ń sọ pé ó tó ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. A fẹ́ wo ohun tí ọmú wọn máa dà."

Alhaji Shittu, ẹ̀gbọ́n bàbá Sherifdeen, yarí. "Ìyàwó wo ló ń torí eku fi ọkọ sílẹ̀?"

Alhaja ló gbè Labeebah lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ kó lọ. Àwọn ọmọ mi obìnrin náà ní ọmú."

Labeebah lọ. Ní ọdún kẹta tó dé ọ̀hún, àìsàn náà padà, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Alhaja ní àwọn fẹ́ rí ìyàwó nílé kí àwọn tó kú.

"Máa bọ̀ nílé, Beebah," Sherifdeen bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

"Sherif mi, àwọn eku ti fẹ́ bímọ. Ìgbà tí wọ́n bá ń fọ́mọ lọ́mú ni iṣẹ́ mi máa yọjú. Tí mo bá kúrò báyìí, gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́. Fún mi láyè díẹ̀ sí i."

"Ọmú eku lò ń tọ́jú. Ti ìyá mi ti gbé wọn dé etí kòtò."

Ó pa fóònù. Labeebah sunkún títí, ó sì padà sídìí àwọn eku.

Àwọn ẹbí fẹ́ ọmọbìnrin kan, Ajarat, fún Sherifdeen. Alhaja fojú rí ìyàwó, wọ́n sì kú.

Nígbà tí Labeebah dé, ó lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀ nílé wọn ní Ikosi. Ajarat ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ ń mu ọmú láyà rẹ̀. Labeebah yí padà, ó fẹ́ máa lọ.

"Aunty Labeebah?" Ajarat ti rí fọ́tò rẹ̀ rí. "Ẹ wọlé. Ọwọ́ mi ni Mummy kú sí. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá dé, kí n sọ fún yín pé inú ò bí àwọn sí yín. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn lẹ lọ ṣe."

Labeebah bú sẹ́kún. Ajarat fi apá kan gbé ọmọ, ó fi ìkejì fà á mọ́ra. Sherifdeen dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè sún mọ́ wọn.

Nígbà tó ń lọ, Sherifdeen sin ín dé ibùdókọ̀ Ojota.

"Ṣé o rí ohun tó o wá lọ?"

"Díẹ̀. Kò tíì di oògùn."

"Má fi í sílẹ̀ o." Ó dá ọkọ̀ dúró fún un. "Ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ wa ti pọ̀ jù. Ó dàbọ̀, Beebah."

Labeebah wọkọ̀. Ó fẹ́ wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bóun bá wò ó, òun ò ní lè lọ mọ́.