Iṣẹ́ Tí Taoheed Kò Fẹ́ Kọ́ Ẹnikẹ́ni Tán

Òwúrọ̀ Sátidé ni, oòrùn kò tíì mú. Gbogbo ilé Bàbá Síkírù ní Mushin ti wọ aṣọ funfun, nítorí pé Aneesah, ọmọ-ọmọ rẹ̀, fẹ́ ṣe wòlímọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ti ka Kùránì dé òpin, ó wá ku kí ó kà á sétí àwùjọ níwájú ilé kéú. Léraléra ni ó ti ń sọ fún Taoheed, bàbá rẹ̀, pé, "Dádì, iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó sí o. Tí mo bá ń rí yín, ẹ̀rù ò ní bà mí."

Iwájú náà ni Taoheed jókòó sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pe orúkọ ọmọ rẹ̀ ni fóònù dún lápò rẹ̀. Ayọ̀kànmí ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù ní ilé iṣẹ́ wọn ní Yábàá. Áàpù yìí ni àwọn ilé ìtajà oògùn fi ń ra ọjà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ń ṣe nǹkan. Áàpù ti kú pátápátá o! Customer ti ń pariwo. Ó yẹ ká dá a padà sí bó ṣe wà lánàá, a ò kàn mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é ni."

Taoheed dìde, ó lọ sínú ọkọ̀ níbi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Nígbà tí yóò fi jí áàpù náà dìde tí yóò sì padà, wọ́n ti ń pín jíjẹ-mímu.

"Ó dúró, ó ń wojú èrò," ni Lateefat, ìyàwó rẹ̀, sọ fún un. "Nígbà tí kò rí yín, ó bú sẹ́kún. Ẹkún náà ló fi kà á tán."

Aneesah fa aṣọ bàbá rẹ̀. "Dádì, ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe kà á?"

Taoheed bẹ̀rẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Ìtìjú bò ó, ó sì dùn ún wọra.

Iṣẹ́ DevOps ni Taoheed ń ṣe. Ẹni tó kọ áàpù kì í ṣe ẹni tó ń gbé e dé ọwọ́ aráyé; irú Taoheed ló ń gbé e sórí ẹ̀rọ ńlá tí yóò máa ṣiṣẹ́ lé lórí, òun ló ń ṣọ́ ọ, òun ló ń jí i bó bá dákú. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àṣà kan tó gbé wá láti ilé ni kò dára.

Rewáyà ni Bàbá Síkírù tó bí Taoheed, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ku wáyà ìkẹyìn, ìgbà náà ni òùngbẹ máa ń gbẹ ẹ́ lójijì. Á rán ọmọṣẹ́ lọ ra omi inú ọ̀rá, kí ọmọṣẹ́ sì tó dé, ọkọ̀ á ti ń tàn yòò. Ó máa ń sọ fún Taoheed pé, "A kì í kọ́ ọmọṣẹ́ tán. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n tán ni yóò kọ ẹ̀yìn sí ẹ."

Taoheed gbé òùngbẹ yìí dé ọ́fíìsì. Bí ó bá ku ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, á ní kí Ayọ̀kànmí lọ bá òun wo nǹkan kan nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo, ìyẹn password, orí rẹ̀ ló wà. Ó gbà pé ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n lé òun láéláé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Madam Christabel tó jẹ́ ọ̀gá wọn pè é. Ilé iṣẹ́ fẹ́ dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, platform engineering, Taoheed sì ti kọ̀wé pé òun fẹ́ ṣe olórí ibẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

"Ìwé ẹ dáa," ni Madam wí, "ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ẹ lọ síbẹ̀."

"Kí ni mo ṣe, Mà?"

"Tí mo bá yọ ẹ́ kúrò níbi tó o wà lónìí, ta ló máa ṣe é? Ẹni tí kò ṣeé fi ẹlòmíì rọ́pò kò ṣeé gbé ga, Taoheed. Ìwọ lo so ara ẹ mọ́lẹ̀."

Ohun tí Taoheed fi ń ṣe odi láti ọjọ́ yìí ló wá di ẹ̀wọ̀n sí i lẹ́sẹ̀.

"Wò ó," ni Madam tún wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "bó o ṣe ń ṣe DevOps yìí, gbogbo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń kan ilẹ̀kùn ẹ, ìwọ á sì máa pọn omi fún wọn. Tó bá jẹ́ platform engineering ni, ńṣe lo máa fa páìpù síta, wàá fi ẹnu ẹ̀rọ sí i, kálukú á máa pọn omi fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ tìẹ ni kí omi mọ́, kí ẹ̀rọ má sì bàjẹ́. Mo fún ẹ di ìgbà tí òjò ọdún yìí bá dá. Tí wọ́n bá lè ṣiṣẹ́ láìpè ẹ́, ipò yẹn ti di tìẹ. Tí wọn ò bá lè ṣe é, mo máa mú ẹlòmíì wá láti ìta."

Nígbà tí Taoheed ròyìn fún bàbá rẹ̀, inú bí bàbá. "Kó o fọwọ́ ara ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́? Wọ́n á lé ẹ ni!"

Lateefat tó ń gbé oúnjẹ wọlé kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ tí kò jẹ́ kó gbọ́ kéú ọmọ ẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ó ti lé e kúrò nílé ná?"

Bàbá fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀.

Taoheed bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dá jókòó, ó kọ́ ẹ̀rọ bàǹtà-banta tó wù ú, ó sì fi í han àwọn ará ọ́fíìsì. Kò sí ẹni tó lò ó. Fóònù rẹ̀ kò yé dún. Inú bí i, ó ní aláìmoore ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o," ni Ayọ̀kànmí wí, "ó le jù fún wa. Ká tó gbé nǹkan bín-ín-tín jáde, á máa bi wá ní ìbéèrè tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìdáhùn ẹ̀. Ẹ ò bi wá ní nǹkan tó ń dà wá láàmú kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà ta á létí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lọ́jọ́ kejì, Taoheed fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayọ̀kànmí, ó kàn ń wò ó. Kí ó tó di ọ̀sán, ọmọkùnrin náà ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Kí lò ń retí?"

Ayọ̀kànmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà kọ́ ni mò ń retí ni, Ẹ̀gbọ́n? Bá a ṣe máa ń retí yín nìyí. Nígbà míì, ó di ọ̀la."

Taoheed tú èyí tó kọ́ palẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi wọ́n. Ó ṣe bọ́tìnì kan tí wọn yóò fi gbé iṣẹ́ jáde, òmíràn tí wọn yóò fi dá a padà bí ó bá bàjẹ́. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ wò, èyí tí kò bá pé kò ní kọjá. Aṣínà kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ síbi ìpamọ́ tí kálukú ń fi orúkọ tirẹ̀ wọ̀, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tó ṣe kí ni. Ó kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́rọ̀ tó yéni. Nígbà tó ń kọ́ wọn, ó kọ́ wọn dé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, kò rán ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan.

Òjò dá. Sátidé kan dé tí wọ́n ṣe ìdíje kíka Kùránì ní gbọ̀ngán kan ní Surulere. Aneesah wà níbẹ̀. Taoheed jókòó síwájú, ó sì ti gbé fóònù rẹ̀ fún Lateefat. Bí wọ́n ṣe pe ọmọ náà ni fóònù gbọ̀n nínú báàgì. Lateefat wo ojú ọkọ rẹ̀. Taoheed mi orí, kò dìde.

Aneesah wo àárín èrò, ó rí bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá gbé ohùn sókè. Ohùn náà dán, kò gbọ̀n, ó mú gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́. Nígbà tó parí, "Allāhu Akbar!" ló gba ẹnu èrò. Òun ni wọ́n fún ní ipò kìíní, Taoheed sì gbé e sórí èjìká bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wo fóònù. Ayọ̀kànmí ló kọ̀wé ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, áàpù kú, a sì ti jí i. A ti dá èyí tó ba nǹkan jẹ́ padà. Ẹ bá wa kí Aneesah o."

Taoheed rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, Madam Christabel fún un ní ipò náà.

Ó gba ìsọ̀ bàbá rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá ki orí bọnú ọkọ̀, ọmọṣẹ́ rẹ̀, Abọ́dúndé, tó ti di onírùngbọ̀n sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, dúró tì í.

"Wọ́n ti wá mọ̀ ọ́n tán," ni bàbá wí. "Wọn ò lé ẹ?"

"Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ni, Bàbá."

Bàbá nawọ́ sí wáyà ìkẹyìn. Abọ́dúndé tó ti mọ àṣà náà ti ń lọ fúnra rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Omi ni mo fẹ́ lọ rà, Bàbá."

"Padà wá. Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn, kó o sì wo ọwọ́ mi dáadáa."

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, kí ni ìwọ nìkan mọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ? Nọ́ọ̀sì tó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn sápò lọ sílé, akọ̀wé ìjọba tí fáìlì kì í jáde bí kò bá sí níjòkòó, télọ̀ tí kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ gé aṣọ, ẹ gbọ́ o. Ohun tí ẹ fi pa mọ́ ni kò jẹ́ kí ẹ sinmi, òun ni kò sì jẹ́ kí ẹ gòkè. Ọjọ́ tí ara yín kò bá dá, aráàlú ló máa jìyà rẹ̀. Lọ́la, nígbà tí iṣẹ́ bá ku ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, pe ẹnì kan jókòó tì ọ́, kí o sì parí rẹ̀ lójú onítọ̀hún. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, kí ẹ jọ lọ mu omi lẹ́yìn iṣẹ́.