Owó Òrùlé Kò Ṣeé Gé

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ ni Afínjú há sẹ́nu, kò sì lè dáhùn ìkíni rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bó ṣe ń na awọ dúdú sórí ìjókòó ọkọ̀ kan.

Iṣẹ́ rírán ìjókòó àti òrùlé ọkọ̀ ni Afínjú ń ṣe, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ojú rírán rẹ̀ kì í wọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Afínjú.

Nígbà tó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló lẹ máa gbà rán òrùlé aṣọ fún ọkọ̀ alájókòó méjì? Irú èyí tí wọ́n ń ká sẹ́yìn."

"Ọkọ̀ náà dà?"

"Mi ò tíì rà á."

Afínjú bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò tíì lọ́kọ̀, ẹ ti ń wá òrùlé?"

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo fẹ́ mọ gbogbo owó tó máa bá ọkọ̀ yẹn rìn kí n tó fọwọ́ kàn án."

Afínjú dá iye kan, ó sì múra sílẹ̀ de ìdúnàádúrà, torí kò sí oníbàárà tí kì í ná ọjà. Èyí kò ná an. Ó wo ojú rírán tó wà lórí tábìlì, ó ní, "Iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀," ó dúpẹ́, ó lọ. Inú Afínjú dùn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn.

Ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ni ọkùnrin yìí. "Rọra, rọra" ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ló bá di pé gbogbo èèyàn ń pè é ní Rọra. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn ọkọ̀ pupa àtijọ́ kan tí dókítà àgbà kan máa ń ṣí lórí gba ojú pópó kọjá. Dókítà ti darúgbó báyìí, òrùlé ọkọ̀ ti di àkísà, ó sì ní òun á tà á fún Rọra bó bá lè rí owó rẹ̀ kó jọ.

Rọra pín owó tó ń wọlé fún un: tọkọ̀ lọ́tọ̀, tẹ́ńjìnnì àti táyà lọ́tọ̀, tòrùlé lọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá yẹ aṣọ òrùlé wò. Lónìí á béèrè èyí tí omi kì í gbà kọjá, lọ́la á béèrè èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣá nínú oòrùn. Kò pẹ́ tó fi hàn sí tajá tẹran pé aṣọ kọ́ ló ń wá wò.

"Afínjú mi," ó wí lọ́jọ́ kan, "ìjókòó méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Mo ti mọ ẹni tó máa jókòó sí ìkejì."

"Ta ni?"

"Ẹni tó ń béèrè."

Afínjú tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Obìnrin yìí ti fi ayé rẹ̀ rán ìjókòó fún ẹbí ọkọ lọ́fẹ̀ẹ́, títí ìka rẹ̀ fi wọ́. Ó ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ọmọ òun ṣe ẹrú bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Afínjú ṣáájú, ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ ló lé àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀rín ẹ̀ dáa," ìyá wí. "Màá wo ọjọ́ tó máa béèrè ọ̀fẹ́."

Àṣé ọjọ́ náà ń bọ̀. Ẹlòmíràn wá fowó lọ dókítà, ọjọ́ tí dókítà dá fún Rọra láti sanwó sì yí padà, ó wá sún mọ́. Owó ọkọ̀ kò tíì pé. Ni ẹ̀gbọ́n Rọra obìnrin bá wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyàwó wa," ó wí, "ṣé wàá máa gbowó lọ́wọ́ ọkọ ẹ ni? Owó òrùlé tó kó pa mọ́ yẹn ló máa mú owó ọkọ̀ pé. Bá a rán an lọ́fẹ̀ẹ́, jàre. Ṣebí ilé kan náà ni."

Ìyá Afínjú ń ká awọ ní kọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Afínjú lọ bá Rọra. "Olólùfẹ́ mi, fi owó òrùlé kún owó ọkọ̀. Màá rán an fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Bá a bá fi ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ la ó máa bá lọ. Lọ́la ẹ̀gbọ́n mi á gbé ìjókòó tiẹ̀ wá, lọ́túnla àbúrò bàbá mi. Wọ́n á gbàgbé pé iṣẹ́ lò ń ṣe."

"Ọkọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ o!"

"Kó bọ́."

"Olórí kunkun!" Afínjú bú sẹ́kún, ó yí padà, ó lọ. Rọra kò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ẹ̀rù ba Afínjú pé ọkọ̀ ti lọ, ọkùnrin náà ti bá a lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á, fèrè ọkọ̀ dún níta. Ọkọ̀ pupa ló dúró, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, Rọra jókòó sínú, omi ń ṣàn lórí rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹni tó lórí ò ní fìlà!" ìyá pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lèyí?"

Rọra sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Mo fi owó òrùlé ra ọkọ̀, òrùlé ló máa dúró. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó òmíràn jọ. Bó bá pé, màá wá bí oníbàárà. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró dìgbà yẹn kí n tó tọrọ ọmọ yín."

"Ṣé Afínjú kò ní òun á rán an lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"O wá kọ̀?"

"Mo kọ̀, mà."

Ìyá wo ìka ara rẹ̀ títí. Ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo fi rán ìjókòó, kò sẹ́ni tó gbà kí òjò pa òun nítorí ọwọ́ tèmi. Mú un, ọmọ mi. Mo fún ẹ." Ó nu ojú. "A ò ní dín kọ́bọ̀ kù o!"

"Mi ò ní bẹ̀ yín kẹ́ ẹ dín in, mà."

Afínjú ti wà nínú òjò. Ó jókòó sí ìjókòó kejì, omi inú rẹ̀ sì rin aṣọ rẹ̀. Rọra wò ó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó tẹ fèrè. Wọ́n wa ọkọ̀ náà gba àárín ìgboro, àwọn tó sá sábẹ́ òrùlé ilé ń nàka, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tọkọtaya!" ẹnìkan pariwo. "Òrùlé yín dà?"

Afínjú na ọrùn, ó gbé orí sókè nínú òjò.

"Ó ń bọ̀!" ó pariwo padà. "Ọwọ́ tó máa rán an ló wọ́n!"