Àwòrán Tí Kò Dúró

"Kí lo rí?" bàbá mi bi mí nínú òkùnkùn.

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá."

"Má kánjú. Jókòó, kó o kà dé ọ̀ọ́dúnrún. Ojú kì í bá òkùnkùn mọ̀ra lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo kà. Nígbà tí mo dé igba, mo rí i: ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ lókè fèrèsé, òmíràn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo mú ọwọ́ bàbá mi lé ibẹ̀. Wọ́n fi páálí àti làílọ́ọ̀nù dúdú dí tòkè, wọ́n ní kí n fi àkísà dí tìsàlẹ̀.

"Ní tèmi, ibi gbogbo ló ṣókùnkùn," wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni ojú mi níbí o. Tó o bá ní ó mọ́, ó mọ́ nìyẹn."

Báyìí la ṣe sọ bálùwẹ̀ wa di yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ ayàwòrán kí àìsàn ojú tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀bù ti lọ, àmọ́ ọgbọ́n kò lọ. Wọ́n fi ọwọ́ wá agolo mílíìkì ńlá kan, wọ́n dá ihò sí ìdí rẹ̀, wọ́n fi gílóòbù sókè àti lẹ́ǹsì kámẹ́rà tó ti bàjẹ́ sísàlẹ̀. Ohun tó ń sọ àwòrán kékeré orí fíìmù di ńlá lórí bébà nìyẹn. Abọ́ oníke mẹ́ta láti ilé ìdáná ló di ibi tí a ń da oògùn àti omi sí. Gílóòbù pupa, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ba bébà fọ́tò jẹ́, nìkan la rà; oògùn àti bébà kù láti ṣọ́ọ̀bù.

Oògùn méjì ni iṣẹ́ náà ń lò. Àkọ́kọ́ ń pe àwòrán jáde. Èkejì ni oògùn ìdúró, òun ni kì í jẹ́ kí àwòrán ṣá.

"Àwòrán tó jáde tí kò dúró, àlejò ni," bàbá mi máa ń sọ. "Á kí ọ, á sì lọ. Kó o tó lo oògùn ìdúró, gé ẹ̀là fíìmù kan sínú rẹ̀. Á kọ́kọ́ rí bíi wàrà. Kà sókè kí n gbọ́. Tó bá mọ́ gaara kó o tó dé ọgọ́sàn-án, oògùn ṣì lágbára. Tí kò bá mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Dà á nù."

Nítorí ìyá mi la ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yìí. Àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, fóònù wọn tó ní kámẹ́rà sì ti bá owó ilé ìwòsàn lọ. Lọ́jọ́ kan tí ara wọn fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n ya irun wọn, wọ́n jókòó létí fèrèsé.

"Ẹ̀yin aráalé, ẹ wá wo afọ́jú tó fẹ́ ya fọ́tò mi!" ìyá mi pariwo.

"Máa sọ̀rọ̀ lọ," bàbá mi dáhùn. "Ohùn rẹ ni mo fi ń mọ ibi tó o wà."

"Ṣé ẹnu mi lẹ fẹ́ yà ni, bàbá ọmọ mi?"

"Ẹnu rẹ ò lè má jáde. Òun ló tóbi jù níbẹ̀."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi tẹ kámẹ́rà àtijọ́ tó kù lọ́wọ́ wọn.

Oògùn ìdúró ìgò kan ṣoṣo la ní. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi pé ti fíìmù ìyá mi ni, ọjọ́ Sátidé la ó sì fọ̀ ọ́.

Àmọ́ ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó ń ka ọmọ afọ́jú sí, àfi ìgbà tí mo fi fọ́tò dúdú òun funfun kan tí èmi àti bàbá mi fi kọ́ iṣẹ́ hàn wọ́n. Ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn.

"Ya tiwa náà kí ìdánwò àṣekágbá tó tú wa ká. Àbí o fẹ́ máa dá jayé ni, Ìyá Fọ́tò?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí bàbá mi tẹ̀ lé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn, mo mú fíìmù àtijọ́ kan nínú àpótí bàbá mi, mo kó àwọn ẹgbẹ́ mi wá sílé. Àwòrán méjìlélógún ni mo yà tí mo sì fọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ìyá Fọ́tò, ṣé imú mi jáde?" ẹnì kan ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Imú rẹ nìkan ló kún bébà!" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dá a lóhùn, gbogbo wọn sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú. Nígbà tí wọ́n lọ, mo da oògùn ìdúró padà sínú ìgò rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi dúró tì mí nínú bálùwẹ̀. Mo ju ẹ̀là fíìmù sínú oògùn. Mi ò kà sókè. Mo wò ó títí, ó ṣì rí bíi wàrà. Tí mo bá sọ, wọn á bi mí ohun tó lo oògùn náà tán.

"Ṣé ó ti mọ́?"

"Ó ti mọ́, Bàbá."

"Gaara?"

"Gaara."

"Ó dáa. Jẹ́ ká ṣe é," ni wọ́n wí.

Fọ́tò náà jáde, ó rẹwà. Ìyá mi gbé e sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹnu mi jáde lóòótọ́!" ni wọ́n ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n kú.

A fi fọ́tò náà sínú férémù, a gbé e kọ́ ògiri. Ní àràárọ̀, bàbá mi á fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀. "Báwo ni ojú rẹ̀ lónìí?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Bàbá."

Lóṣù kejì, àmì ràkọ̀ràkọ̀ kan yọ létí bébà náà. Ó gba etí ìyá mi, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń lọ sí ẹnu. Mo wo fíìmù lójú oòrùn, òun náà ti ń ṣú. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti àwọn yòókù ṣì mọ́ roro, torí oògùn tó ṣì lágbára ni mo fi fọ tiwọn. Síbẹ̀, ní àràárọ̀: "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Bàbá."

Nígbà tó yá, mi ò rí ojú kankan níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi bi mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, mo sì bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti Jímọ̀ àti ti Sátidé.

Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sórí àga.

"Fíìmù ńkọ́?"

"Ó ti ṣú pátápátá."

"Ká ní o sọ fún mi nígbà tí àmì yẹn kọ́kọ́ yọ," wọ́n rọra wí, "à bá wá oògùn tuntun, à bá tún fíìmù náà rì sínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó dúró."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi ń purọ́, ọ̀nà àtúnṣe ṣì wà.

"Mo gbọ́ lọ́jọ́ náà pé o ò kà," bàbá mi tún sọ. "Mo ní bóyá inú lo ti ń kà á. Ẹni tí kò ríran, ó gbọ́dọ̀ gba ẹnì kan gbọ́."

Mo ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ fọ́tò náà ni mo sì ń ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè sọ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Irọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn àtúnṣe pa. Títí dòní, bí mo bá ju ẹ̀là fíìmù sínú oògùn, mo máa ń kà á sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ló wà nínú òkùnkùn.

Férémù náà ṣì wà lára ògiri. Bàbá mi ṣì ń fọwọ́ kan án ní àràárọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́.